Adìyẹ Díndín Bíi ti Amẹ́ríkà ní Ilé-Ifẹ̀: Ohun Tí Ẹ Ó Rà, Bí Ẹ Ó Ṣe Dín In, Ibi Tó Ti Ń Bàjẹ́

Ọmọ tó ti Amẹ́ríkà dé fún Kérésì tàbí fún Ọlọ́jọ́ á jókòó ti abọ́ ìrẹsì, á gé adìyẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan, á sì rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Wọ́n á ní ó ń ṣe fáàrí. Kò ṣe fáàrí o. Adìyẹ tí wọ́n gbé fún un, a ti fi kọ́rì àti táìmù bọ̀ ọ́ títí ó fi jinná, a tún wá dín in títí ó fi gbẹ. Èyí tó mọ̀ níbi tó ti ń bọ̀, ní tútù ni wọ́n ń kó o sínú òróró, fúláwà ló bò ó lára, omi ara rẹ̀ kò sì kúrò nínú rẹ̀. Oúnjẹ méjì ni, orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Àlejò tó bá wá sí Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ń bá irú rẹ̀ pàdé. Ó rí pátákó pupa àti àwòrán adìyẹ, ó wọlé, ó bá jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti mítì-páì. Bí fáàsì-fúùdù ṣe rí nílẹ̀ wa nìyẹn láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ UAC ti dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní 1986: mítì-páì lọ̀gá, bọ́gà kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. KFC alára, ìyẹn Kentucky ti Amẹ́ríkà, nígbà tó wọ Nàìjíríà ní 2009, ìrẹsì wà lára ohun tó ń tà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlejò pẹ̀lú irú èyí tí àlejò náà mọ̀ láti ilé, nínú ilé ìdáná rẹ̀ ni yóò ti ṣe é, ohun tó máa lò sì kún ọjà Ifẹ̀. Ará Iléṣà náà lè rí gbogbo rẹ̀ rà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà.

Adìyẹ tí ẹ máa rà

Ní Odò-Ògbè tàbí Sábó, oríṣi mẹ́rin ni ọlọ́jà ń pè ní adìyẹ: ti ìbílẹ̀, kọ́kẹ́rẹ̀lì, léyà àti bùrọ́ílà. Bùrọ́ílà nìkan ni iṣẹ́ yìí gbà. Léyà ni adìyẹ ẹlẹ́yin tí olóko ti lò fún bí ọdún kan ààbọ̀, tí ẹyin rẹ̀ ti ń dínkù, tí wọ́n wá ń tà á kúrò nílẹ̀. Kì í wọ́n, ọbẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn torí ó lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ ti gbó. Iṣan tó so ẹran adìyẹ àgbà pọ̀ kì í rọ̀ àfi kó pẹ́ nínú omi gbígbóná, wákàtí kan sókè. Ìṣẹ́jú 15 nínú òróró, ńṣe ló máa sún un kì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń bọ adìyẹ kí wọ́n tó dín in. Wọn kò ṣìnà. Adìyẹ tó wà lọ́wọ́ wọn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ léyà nìkan lẹ rí rà, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ dín in bí a ti ń ṣe é, kí ẹ fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Gbogbo ọlọ́jà ló máa sọ pé bùrọ́ílà ni tòun. Ẹ fọwọ́ tẹ ṣóńṣó egungun àyà rẹ̀ níhà ìsàlẹ̀: ti ọmọdé adìyẹ rọ̀ bí etí èèyàn, ti àgbà le gan-an. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Ti bùrọ́ílà ń dán, ìpẹ́ ti léyà ti le.

Ìwọ̀n rẹ̀ tún ṣe pàtàkì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Bùrọ́ílà ọdún Kérésì lè wọn kílò 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń fi títóbi rẹ̀ yangàn. Adìyẹ tí wọ́n ń dín ní Amẹ́ríkà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá èyí tó wọn kílò 1.7 sí 2 láàyè. Tí ẹ bá pa á, tí ẹ bó o, tí ẹ yọ inú, orí àti ẹsẹ̀ kúrò, á ku bíi kílò 1.3. Láàpù tó bá tóbi jù, ara rẹ̀ á ti dúdú kí iná tó dé ìdí egungun. Bó bá jẹ́ ńlá nìkan lẹ rí, ẹ gé ẹran àyà rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ la ẹran láàpù títí kan egungun níhà inú.

Ní ti adìyẹ dídì, ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé láti òkè òkun. Èyí tó bá gba ẹnubodè kọjá lè ti yọ́ kó sì tún dì lọ́pọ̀ ìgbà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá rí yìnyín pupa tó gan mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ tó ti yọ́ rí tó tún dì ni. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àdá gé e fún yín. Àdá ń fọ́ egungun wẹ́wẹ́, ẹ̀rún rẹ̀ á wọnú ẹran, mùdùnmúdùn inú egungun á sì tú jáde, á sọ ẹran di dúdú nínú òróró. Ẹ gbé e wálé lódindi. Ẹ ká itan rẹ̀ sẹ́yìn títí oríkèé á fi dún kó, ẹ fi ọ̀bẹ gba àárín oríkèé náà. Ọ̀bẹ tó bá ń bá egungun jà kò tíì dé ojú ibẹ̀. Láàpù méjì, ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì ní orúnkún: ó di mẹ́rin. Apá méjì. Àyà, ẹ là á sí méjì, kí ẹ tún gé ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì: mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yìn, ọrùn àti iwe, ọbẹ̀ ló ni wọ́n.

Rírẹ ẹ́

Ní Amẹ́ríkà, wàrà kíkan tí wọ́n ń pè ní buttermilk ni wọ́n fi ń rẹ adìyẹ. Nọ́nò tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé igbá rẹ̀ kiri ní Sábó ló sún mọ́ ọn jù. Ẹ rí i pé kò ní ṣúgà, kò sì ní fùrá. Ẹ po nọ́nò sẹ́ńtílítà 50 mọ́ omi sẹ́ńtílítà 50 (omi píọ̀-wọ́tà kan nìyẹn), ẹ da iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 3 tó tẹ́jú sí i, ayù lílọ ṣíbí ìjẹun 1 àti ata gígún ṣíbí tíì 1. Bí kò bá sí nọ́nò, ẹ da wàrà agolo kékeré kan sínú ife, ẹ fi omi kún un títí dé sẹ́ńtílítà 50, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Kíkan nọ́nò ń rọ ẹran díẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹran tí iyọ̀ ti wọ̀ lára á di omi ara rẹ̀ mú nígbà tí iná bá kàn án. Èyí tí wọ́n kàn wọ́n iyọ̀ sí lára lójú ẹsẹ̀ á tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Wákàtí 6 sí 12 ló tó. Bó bá ju wákàtí 24 lọ, ẹran á rọ̀ gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀, á sì níyọ̀ jù. Ẹ má fi Maggi kún un o, iyọ̀ ni òun náà.

Inú fìríìjì ni kó wà. Tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ kó adìyẹ àti omi rẹ̀ sínú ọ̀rá méjì tó wọra, ẹ dì í lẹ́nu pinpin, ẹ gbé e sínú kúlà, kí ẹ fi píọ̀-wọ́tà mẹ́fà tó ti dì gbagidi yí i ká. Bí píọ̀-wọ́tà bá ti yọ́ tán, ó yẹ kó ti wà nínú òróró. Orí tábìlì ilé ìdáná wa kọ́ ni ẹran tútù ti ń sun mọ́jú.

Fúláwà àti èròjà

Àwọn èèyàn fẹ́ràn ìtàn èròjà 11 tí Kentucky ń fi pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi pa mọ́. Bùrọ́ílà kékeré tó ti rẹ dáadáa, tí òróró rẹ̀ sì gbóná bó ti yẹ, á jọ ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú iyọ̀ àti ata dúdú lásán. Léyà kò ní jọ ọ́ bí ẹ tilẹ̀ rí èròjà 11 náà gbà.

Fún adìyẹ kan: fúláwà gíráàmù 500, kọ́ọ̀nfúláwà ṣíbí ìjẹun 5, békìn-páúdà ṣíbí tíì 2, iyọ̀ ṣíbí tíì 2, ata dúdú ṣíbí tíì 2, ayù gbígbẹ lílọ ṣíbí tíì 2, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ ṣíbí tíì 1, táìmù ṣíbí tíì 1, ata gígún ṣíbí tíì 1, àjìnọ̀mótò ìdajì ṣíbí tíì. Pápíríkà tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìdáná wọn, tàtàṣé gbígbẹ lílọ ni. Àwọn Hausa tó ń ta ata ní Sábó ní tàtàṣé gbígbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ da ṣíbí ìjẹun 2 sí i. Bí kò bá sí ata dúdú, iyèrè lè rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ìdajì ni kí ẹ lò, torí òórùn rẹ̀ le. Kọ́rì kò sí níbẹ̀ rárá. Bí kọ́rì bá ti wọ̀ ọ́, adìyẹ ọjọ́ ìsinmi tiwa lẹ dín.

Ẹ bu omi nọ́nò tí adìyẹ ti rẹ sínú rẹ̀, ṣíbí ìjẹun 4, ẹ wọ́n ọn sínú fúláwà, ẹ fi orí ìka rà á bí ìgbà tí èèyàn wọ́n omi sí gàrí. Á ṣù wẹ́wẹ́. Ṣíṣù yìí ló ń di gbágungbàgun tó ń dún lẹ́nu lára adìyẹ. Ẹ mú ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan látinú nọ́nò, kí omi rẹ̀ ro díẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fúláwà tagbáratagbára, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ tò ó sórí irin tí wọ́n fi ń yan ẹja, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, títí ẹ kò fi ní rí ojú ibi tó funfun tó gbẹ mọ́. Ẹni tó bá fo ìṣẹ́jú 20 yìí ni fúláwà rẹ̀ ń ṣí kúrò lára ẹran bí aṣọ.

Òróró àti iná

Ìkòkò tó nípọn, tó gba lítà 5 tàbí 6, irú èyí tí a fi ń ro àmàlà. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í lè di ooru mú. Òróró ẹ̀pà tàbí òróró lásán, lítà 2. Kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìkòkò lọ, torí ó máa ru sókè. Harland Sanders, ẹni tó dá Kentucky sílẹ̀, ló sọ fífi ìkòkò ẹlẹ́fúùfù (pressure cooker) dín adìyẹ di iṣẹ́ ní 1939, kí Kentucky tó ní ẹ̀ka àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Utah ní 1952, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń lò lónìí, wọ́n ṣe é fún òróró ni. Ìkòkò ẹlẹ́fúùfù tí ẹ fi ń se ẹ̀wà nílé, ẹ má da òróró sínú rẹ̀ láéláé. Ó lè bú gbàmù.

Òróró gbọ́dọ̀ dé 170°C kí adìyẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò ní tẹmómítà, kó gé búrẹ́dì kékeré kan, bíi sẹ̀ńtímítà 2 níhà gbogbo, kó jù ú sí i: tó bá pọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, ó tó. Tó bá pọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 30, ó ti gbóná jù, ẹ pa iná kó rọlẹ̀.

Ẹ̀yà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta bó bá jẹ́ sítóòfù kẹrosíìnì ni. Láàpù ni kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí iná wà lókè nígbà tí ẹ bá ń kó o sí i, torí òróró máa tutù lójú ẹsẹ̀; bó bá tó ìṣẹ́jú 3, ẹ dín iná kù kó wà láàárín 150°C sí 160°C. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 4 àkọ́kọ́. Fúláwà kò tíì le, ṣíbí tó bá kàn án á bó o. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà. Láàpù ń gba ìṣẹ́jú 14 sí 15, apá àti àyà tí ẹ gé sí mẹ́rin ń gba 11 sí 12.

Ẹ tẹ́tí sí i. Nígbà tó bá kọ́kọ́ wọlé, ariwo rẹ̀ á dà bí òjò lórí páànù, hóóró omi ńláńlá ni yóò máa sọ. Bó bá ń jinná lọ, ariwo á wálẹ̀, hóóró á kéré, wọ́n á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ ya ibi tó nípọn jù. Omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Tẹmómítà ló dájú jù: 74°C ní àárín ẹran. Pupa díẹ̀ létí egungun nìkan kò túmọ̀ sí pé kò jinná, torí egungun ọmọdé adìyẹ kò tíì le, mùdùnmúdùn rẹ̀ ń yọ síta. Àmọ́ bí ẹran fúnra rẹ̀ bá ń dán bíi ti tútù, ẹ dá a padà.

Bí òróró bá gbiná, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ọmọrí dé ìkòkò, ẹ má gbé e, ẹ má sì da omi sí i.

Nígbà tó bá jáde, orí irin ni kó padà sí. A mọ̀ pé kúlà oúnjẹ ti ń dúró. Ìyẹn ló ń ba adìyẹ yìí jẹ́ jù lọ níbi ayẹyẹ. Ooru tó ń jáde lára rẹ̀ á di omi lábẹ́ ọmọrí, á sì padà sórí èèpo tí ẹ fi wákàtí méjì ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìṣẹ́jú 10 péré, ó ti rọ̀ bí àkàrà àná.

Bó bá bàjẹ́

Bí òróró bá kún inú èèpo, òróró kò gbóná tó, tàbí ẹ kó ẹran pọ̀ jù sínú ìkòkò. Bí ara bá dúdú tí inú sì tún ní ẹ̀jẹ̀, iná ti le jù, tàbí adìyẹ náà ti fìríìjì wọnú òróró tààrà; ẹ jẹ́ kó wà níta fún ìṣẹ́jú 20 tí fúláwà fi ń mú un lára. Bí èèpo bá ní àmì dúdú wínníwínní, fúláwà tó jábọ́ látara ẹran ìṣáájú ló jóná nínú òróró: ẹ fi asẹ́ onírin kó o kúrò kí ìpele kejì tó wọlé. Bó bá le bí òkúta tí kò sì ṣẹ́ lẹ́nu, ẹ gbàgbé békìn-páúdà, tàbí èyí tí ẹ rà ti pẹ́ nílé ìtajà. Ẹ da ṣíbí kan rẹ̀ sínú omi gbígbóná. Bí kò bá hó, ẹ dà á nù.

Ànàmọ́ òyìnbó

Fún ṣíìpìsì tí ẹ ó gbé ti adìyẹ, èyí tí ọlọ́jà ń pè ní Áírìṣì, tó ń ti Jos wá, ni kí ẹ rà. Ànàmọ́ aládùn kò lè ṣe é. Ṣúgà ara rẹ̀ á jẹ́ kó dúdú kó tó gbẹ. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti sọ di àwọ̀ ewé, ó máa ń korò, ó sì lè da inú rú. Ẹ má kó o sí fìríìjì pẹ́ títí, torí òtútù ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà.

Ẹ gé e ní gígùn, kí nínípọn rẹ̀ má ju mìlímítà 8 lọ. Ẹ fi omi tútù ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Ẹ sè é nínú omi tí ẹ da fínígà ṣíbí ìjẹun 1 sí fún lítà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 8; fínígà ni kò ní jẹ́ kó fọ́. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ títí yóò fi gbẹ. Ẹ dín in lẹ́ẹ̀kan ní 160°C fún ìṣẹ́jú 4, kó má pọ́n, ẹ kó o jáde kó tutù pátápátá. Nígbà tí àlejò bá ti jókòó, ẹ dín in lẹ́ẹ̀kejì ní 190°C fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹni tó dín in lẹ́ẹ̀kan péré ló ń rí èyí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Títí di 1990, ọ̀rá màálù wà lára ohun tí McDonald's ní Amẹ́ríkà fi ń dín tirẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń ṣàárò adùn náà. Alápatà ní Odò-Ògbè á ta ọ̀rá fún yín. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi iná jẹ́jẹ́ yọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ pò ó mọ́ òróró ní ìdajì sí ìdajì.

Bọ́gà, ní ṣókí

Ẹran màálù wa kò lọ́ràá, bọ́gà sì ń fẹ́ ọ̀rá. Gíráàmù 800 ẹran, gíráàmù 200 ọ̀rá. Ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú ṣá a wẹ́wẹ́ lórí pákó. Ẹyin, àlùbọ́sà àti búrẹ́dì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wọn ọn ní gíráàmù 110, ẹ ṣe é pẹlẹbẹ kó fẹ̀ ju búrẹ́dì lọ díẹ̀, torí á sún kì. Ojú àwo ìdín tó gbóná janjan, iyọ̀ lójú ẹran nìkan, ìṣẹ́jú 3 níhà kọ̀ọ̀kan, kí inú má pupa rárá, torí ẹran ọjà ni.

Ẹ má fi wàrà dípò ṣíìsì. Wàrà tí wọ́n fi ewé bọmubọ́mù dì kì í yọ́; ńṣe ló máa pọ́n. Díndín ló dára fún, kí ẹ fi ata sí i, kí àlejò fi panu nígbà tó bá ń dúró. Ṣíìsì alápò pẹlẹbẹ tó wà ní àwọn ilé ìtajà Lágéré ló ń yọ́.

Òróró tó kù

Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò, ẹ dé e, kó má rí oòrùn. Ó lè dín adìyẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin sí i. Bó bá ti ń yọ ìfófòó, tó ń rú èéfín kó tó gbóná, tàbí tó ki bí oyin, ẹ dà á nù. Èyí tó ti dín ẹja, ẹja náà ni kó máa dín lọ. Adìyẹ tó bá ṣẹ́kù, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fìríìjì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé e sínú àwo ìdín láìfi òróró sí i, kí ẹ dé e ní ìdajì, kí iná wà nísàlẹ̀, kí ẹ máa yí i padà fún ìṣẹ́jú 12. Màíkírówéèfù á rọ èèpo rẹ̀.